Físíìsì ní Ilé-Ifẹ̀: ọ̀nà wo ló bá yín mu?

Bí èsì JAMB bá ti jáde, ìbéèrè kan ni àwọn òbí máa ń gbé wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Physics ni kí ọmọ yìí mú ní Great Ife ni, àbí Engineering Physics?" Mo máa ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n mo máa ń fi tèmi kún un: ẹ̀rọ wo ni ọmọ náà fẹ́ jókòó tì? Ẹni méjì lè jọ gba B.Sc. Physics lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ooru tó ń ti ara ilẹ̀ jáde, kí èkejì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìtànṣán inú yẹ̀pẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì lè gba iṣẹ́ ẹnì kejì ṣe. Ohun tí ọmọ bá fọwọ́ kàn láti ọdún kẹta sókè ló ń sọ irú onífísíìsì tó máa dà. Ibẹ̀ ni màá ti fi wọ́n wéra.

Physics tàbí Engineering Physics

Dipátímẹ́ńtì kan náà ló ń kọ́ni ní méjèèjì ní OAU (Obafemi Awolowo University, Great Ife náà nìyẹn), orúkọ méjèèjì ló sì ń jẹ́: Department of Physics and Engineering Physics, lábẹ́ Faculty of Science. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣì í mú. Wọ́n á rí "Engineering", wọ́n á rò pé ọ̀dọ̀ àwọn Civil àti Mechanical ni, ní Faculty of Technology. Rárá o. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lára oyè ẹnjiníà, tó fẹ́ kí COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, forúkọ òun sílẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀la, kó béèrè lọ́wọ́ COREN fúnra wọn kó tó fi kọ́ọ̀sì yìí sínú fọ́ọ̀mù. Kó má gba ti ẹni tó ń bá èèyàn tẹ fọ́ọ̀mù ní kaféè gbọ́.

Ní Pátì Wáànù, ìyẹn ọdún àkọ́kọ́, ẹ ò lè rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Físíìsì, ìṣirò, kẹ́místírì, gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́, àti iṣẹ́ láàbù ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀: okùn tí wọ́n so òkúta mọ́ tí ó ń fì, lẹ́ńsì, wáyà tí wọ́n ń wọn bí iná ṣe ń rọrùn gba inú rẹ̀ tó. Àwọn ọmọ a máa fojú di láàbù yìí, torí máàkì rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí gbogbo iṣẹ́ ìwádìí dúró lé lórí, pé kí èèyàn wọn nǹkan kó sì lè sọ iye tí ìwọ̀n náà fi lè yẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀. Ẹni tó kọ 9.8 fún òòfà ilẹ̀ láìsọ bó ṣe dá a lójú tó, kò tíì wọn nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ń pín. Physics á wọ inú quantum mechanics (físíìsì àwọn ohun tó kéré bí átọ́ọ̀mù), electromagnetism (iná àti òòfà), ìmọ̀ ooru àti ìṣirò tó le; Engineering Physics á tẹ̀ síbi ẹlẹ́kítíróníìkì, ohun èlò tí a fi ń wọn nǹkan, àti ìmọ̀ nípa irin, dígí àti àwọn ohun tí a fi ń ṣe nǹkan. Ọmọ tó ń tú rédíò bàbá rẹ̀ wò láti kékeré, Engineering Physics á dùn mọ́ ọn. Ọmọ tó máa ń bi olùkọ́ títí olùkọ́ á fi ní kó jókòó, Physics ni kó lọ. Èyí tó wà láàárín, tó fẹ́ràn méjèèjì díẹ̀díẹ̀, mo máa ń ní kó mú Physics. Ẹlẹ́kítíróníìkì ṣeé kọ́ lẹ́yìn ilé ìwé, lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti nílé oníṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dá quantum mechanics kọ́ nílé máa jìyà.

Nípa ìgbaniwọlé, kò sí àdììtú níbẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́místírì ni kí ẹ fi ṣe JAMB, kí ẹ sì ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń fi Physics ṣe àtẹ̀gùn, pé bí àwọn bá parí Pátì Wáànù, àwọn á fò lọ sí Electrical. Àwọn tó ń rí i ṣe kò pọ̀. Ẹ má fi ọdún kan tẹ́tẹ́ lórí ìyẹn. Bó bá jẹ́ Electrical nìkan lẹ fẹ́, ẹ tún JAMB ṣe, kó má di pé ẹ jókòó sínú kíláàsì tí ẹ kórìíra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Òpó irin tó wà nínú oko

Ẹ jẹ́ ká wá wọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwádìí nípa ojú sánmà jẹ́ ohun kan tí wọ́n fi ń mọ físíìsì Ifẹ̀ lókè òkun, púpọ̀ nínú láàbù rẹ̀ kò sì ní òrùlé. Inú oko yunifásítì ni, Teaching and Research Farm, níbi tí wọ́n ti ń gbé òpó irin ró, tí wọ́n á so ẹ̀rọ mọ́ ọn lára láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn kan ń wọn oòrùn tó ń bọ̀ láti òkè àti èyí tí ilẹ̀ ń dá padà. Àwọn mìíràn wà lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń wọn ooru tó ń rì sínú yẹ̀pẹ̀.

Èyí tó máa ń wù mí jù lára wọn ni ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn afẹ́fẹ́. Kò ní abẹ́bẹ̀, kò ní ohun kan tó ń yí. Orí kéékèèké ló ní, tí wọ́n dojú kọ ara wọn ní méjìméjì. Ọ̀kan á ju ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ sí èkejì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lọ síbi tí ìró ń lọ, ìró á tètè dé. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ pàdé rẹ̀, á pẹ́ díẹ̀. Ìyàtọ̀ àkókò yẹn, tí ó kéré ju kí ojú ṣẹ́ lọ, ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe yára tó àti apá ibi tó kọrí sí, lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ń kà á ní ìgbà 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ààbọ̀ wákàtí á fún yín ní ìwọ̀n 36,000. Kò sí ẹni tó lè fi ojú ka ìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ tó ń ṣe ojú sánmà fi ń mọ Python tàbí R, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó wù wọ́n o, kò wù wọ́n o.

Kí ni wọ́n ń wá? Ooru oòrùn tó bá dé ilẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta tó lè gbà: kó sọ omi di oru, kó mú afẹ́fẹ́ gbóná, tàbí kó wọ inú ilẹ̀ lọ. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí koríko ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ló ń gba èyí tó pọ̀. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, omi á gba ipò iwájú. Ní oṣù Kejì sí oṣù Kẹta ọdún 2004, wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá kan ní Ifẹ̀ tí wọ́n pè ní NIMEX láti fi mú ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ń di òjò gan-an, Yunifásítì Bayreuth ti Jámánì sì bá wọn kẹ́gbẹ́ ṣe é. Ìwọ̀n báyìí kò wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà sọ tẹ́lẹ̀ bí òjò wa ṣe máa rí nílò rẹ̀, torí bí wọn ò bá mọ bí ilẹ̀ wa ṣe ń pín ooru, ìméfò lásán ni wọ́n ń ṣe.

Ní oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ọdún 2016 ni èyí tó tún tóbi jùyẹn lọ dé, iṣẹ́ DACCIWA tí àjọ Yúróòpù náwó sí. Ibùdó ńlá mẹ́ta ni wọ́n ṣe sílẹ̀: Kumasi ní Gánà, Savè ní Bẹ̀nẹ̀ (ìyẹn Ṣábẹ tiwa), àti Ilé-Ifẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ìwádìí ń gbéra láti Lomé, àwọn tó wà nílẹ̀ sì ń tú bàlúù tó gbé ẹ̀rọ sókè sínú sánmà. Àwọ̀sánmà tó ń wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń lé, èyí tó máa ń bo gúúsù ilẹ̀ wa lóru nígbà òjò, tí kì í sì í ká títí ọ̀sán á fi ń sún mọ́lé. Afẹ́fẹ́ tútù tó ń wọlé láti òkun ní ìrọ̀lẹ́, tí atẹ́gùn òru ń gbé wá, wà lára ohun tó ń fà á. Ẹni tó ti ra sólà ní Ifẹ̀ ti mọ àwọ̀sánmà yìí láìka ìwé. Ẹ bá fi oòrùn oṣù Kejì ṣírò iye páńẹ́ẹ̀lì tí ilé yín nílò, ẹ jẹ́ kí oṣù Kẹjọ dé.

Ohun tó dáa lójú mi nínú ọ̀nà yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà nídìí ẹ̀rọ. Ó máa gun òpó, ó máa nu ojú ẹ̀rọ tí eruku ọyẹ́ bò, ó máa yọ ewé kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ń gbe òjò. Ohun tí kò dáa: oòrùn, ẹrẹ̀, eku tó ń jẹ wáyà, mànàmáná tó lè sọ̀ sí òpó ní òru ọjọ́ kan kó sì pa détà oṣù kan rẹ́. Ọmọ tó kórìíra oko, kó má wulẹ̀ dé ibẹ̀.

Ìtànṣán, prótóònù àti yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dé pa

Ọ̀nà kejì gba CERD kọjá, Centre for Energy Research and Development, ilé ìwádìí nípa agbára. Inú ọgbà OAU ló wà, láti ọdún 1976 ló sì ti wà. Àwọn ará ìlú kan ṣì ń bẹ̀rù pé wọ́n ń ṣe bọ́ǹbù níbẹ̀. Kódà, kò sí ìléru átọ́míìkì ní Ifẹ̀. Èyí tí Nàìjíríà ní wà ní Zaria, ní CERT ti Ahmadu Bello University: NIRR-1, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2004, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlówáàtì 30 péré. Ẹni tó bá fẹ́ fi neutron ṣe ìtúpalẹ̀, ọ̀nà Zaria ni kó gbà.

Ti Ifẹ̀ ni accelerator, ẹ̀rọ tó ń mú pátíkù sáré, Pelletron oní mílíọ̀nù fóòtì (volt) 1.7. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ dùn ún gbọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fún átọ́ọ̀mù ní ẹlẹ́kítíróònù kan lé, kó di onínẹ́gẹ́tíìfù. Ibi tí fóòtì ti pọ̀ jù, láàárín ẹ̀rọ, jẹ́ pọ́sítíìfù, á sì fà á wọlé tagbáratagbára. Bó bá ti débẹ̀, wọ́n á bó ẹlẹ́kítíróònù kúrò lára rẹ̀, òun náà á di pọ́sítíìfù, ibi tó fà á wọlé yẹn náà á wá máa tì í jáde. Fóòtì kan ṣoṣo ni, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣiṣẹ́. Bí prótóònù (átọ́ọ̀mù háídírójìn tí wọ́n ti bó ẹlẹ́kítíróònù rẹ̀) ṣe ń dé agbára 3.4 MeV nìyẹn lórí mílíọ̀nù fóòtì 1.7.

Prótóònù yìí á lọ kọ lu ohun tí ẹ gbé síwájú rẹ̀. Átọ́ọ̀mù tó bá kọ lù á ju X-ray jáde, X-ray irin kò sì jọ ti òjé, ti òjé kò jọ ti zinc. PIXE ni wọ́n ń pe ìyẹn. Èyí tó kéré gan-an nínú yẹ̀pẹ̀, nínú ewé ẹ̀fọ́, nínú eruku tó há sórí pépà tí wọ́n fi sẹ́ afẹ́fẹ́, á hàn. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ohun tí wọ́n fi bo ojú dígí ṣe nípọn tó, wọ́n á lo RBS, wọ́n á wo iye agbára tí pátíkù fi ta padà.

Ẹ wo ohun tí mímọ àwọn èròjà inú nǹkan lè ṣe fún ìlú bí Ifẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí ní Igbó Olókun, ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé òkèèrè ni dígí rẹ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n tú èròjà inú rẹ̀ wò, kálísíọ́mù àti alumíníọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà tí kò jọ dígí ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù. Àwọn baba wa ló ṣe é, ní nǹkan bí ọ̀rúndún 11 sí 15. Nọ́ńbà ló yanjú àríyànjiyàn yẹn.

Ní Iléṣà, ọ̀rọ̀ wúrà ni. Láti Ìpẹ́rìndó wá, àwọn èèyàn ti ń wa wúrà, omi odò ń pọ́n, àwọn àgbẹ̀ sì ń béèrè ohun tó wà nínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń dà sílẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ ṣe pírójẹ́ẹ̀tì tó máa kan ìlú rẹ̀, iṣẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí kí accelerator tó wọ̀ yín lójú. Ẹ̀rọ ńlá kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ló ń wà á; inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo pátápátá, iná gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin, ẹ sì máa tò lẹ́yìn àwọn mìíràn. Ẹ lè gbé àpò yẹ̀pẹ̀ lọ, kí ẹ gba nọ́ńbà padà, kí ẹ má mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn kò burú bó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú yẹ̀pẹ̀ ló jẹ yín lógún. Bó bá jẹ́ físíìsì lẹ fẹ́ kọ́, kò tó.

Fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìtànṣán gámà ni mo máa ń dá lábàá, torí wọ́n á bá iṣẹ́ náà rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ó bu yẹ̀pẹ̀, ẹ ó sá a, ẹ ó gún un, ẹ ó kù ú. Ẹ ó rọ ọ́ sínú ike, ẹ ó dé e, ẹ ó fi téèpù dí ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má lè jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ ó gbé e sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ibí ni sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ìdí tí wọ́n fi ń dúró ni pé uranium inú yẹ̀pẹ̀ ń bí gáàsì radon, gáàsì yìí sì lè sá lọ. Bó bá sá, àwọn ọmọ tí radon ń bí, tí àwọn gan-an là ń kà, kò ní pé. Ọjọ́ 3.8 ni ìdajì radon fi ń pòórá. Bí ẹ bá dé e pa fún ọjọ́ 28, ohun tó kù kó tó bára mu kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó kà á lọ́jọ́ kejì á ní uranium kò pọ̀ ní ilẹ̀ náà, ó sì pọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gbé ike sínú ilé òjé, lórí ohun tó ń mú ìtànṣán, ẹ ó sì jẹ́ kó kà fún wákàtí púpọ̀. Ní 1461 keV (ìwọ̀n agbára ìtànṣán), potassium-40 á yọrí. Ní 1765, uranium, láti ọwọ́ bismuth-214. Ní 2615, thorium, láti ọwọ́ thallium-208. Ẹ ó wá fi ohun tí ẹ rí wé ti àgbáyé, tí UNSCEAR, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ìtànṣán, kọ sínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2000: 35 Bq (iye átọ́ọ̀mù tó ń tú ká ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nínú kìlógíráàmù fún uranium, 30 fún thorium, 400 fún potassium. Òkúta ilẹ̀ wa kò rí bákan náà ní gbogbo ibi, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ èsì yín kí ẹ tó kà á. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà nìkan

Ọ̀nà kẹta kò nílò oko, kò nílò òjé. Ẹ ó jókòó, ẹ ó fi ìṣirò quantum wá bí átọ́ọ̀mù inú nǹkan kan ṣe so pọ̀, bóyá ó lè gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, bóyá iná lè gba inú rẹ̀. Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ń lò fún un, ọ̀fẹ́ ni. Láti ọdún 2010 ni ilé ẹ̀kọ́ ASESMA ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà ní irú iṣẹ́ yìí, ní orílẹ̀-èdè kan lẹ́yìn èkejì.

Ó dà bí ọ̀nà tó rọrùn jù, torí náà ni èrò ṣe ń wọ́ lọ síbẹ̀. Mo ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ọmọ tí ìṣirò rẹ̀ kò dúró á kàn máa da fáìlì ẹlòmíràn kọ, á yí nọ́ńbà méjì padà, àwòrán aláràbarà á jáde, kò sì ní lè sọ ohun tí àwòrán náà ń wí. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè kan ní ọjọ́ ìdáàbòbò, ó tán. Ìṣirò lè gba wákàtí mẹ́wàá, kí iná sì lọ ní wákàtí kẹsàn-án. Ẹni tó mọ quantum mechanics rẹ̀ dénú, tó sì ní ibi tí iná kì í ti í lọ, kó gba ibẹ̀ lọ tayọ̀tayọ̀. Ibi tó ti lè fi ọgbọ́n orí nìkan bá ayé dọ́gba ni.

| | Ojú sánmà | Ìtànṣán | Kọ̀ǹpútà |
|---|---|---|---|
| Ibi iṣẹ́ | Oko, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà | Pápá, láàbù | Yàrá yín |
| Ohun tó lè dá yín dúró | Mànàmáná, eku, òjò | Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ìdúró, ìlà nídìí ẹ̀rọ | Iná, ìṣirò tí kò yé yín |
| Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ? | Ẹ̀yin | Ẹ̀yin, bí kì í bá ṣe accelerator | Ẹ̀yin |
| Ibi tí iṣẹ́ wà lẹ́yìn ilé ìwé | NiMet (àjọ ojú ọjọ́), sólà, ìwádìí ojú ọjọ́ | NNRA (àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán), ilé ìwòsàn, ìwakùsà | Ìwé kíkà sí i, iṣẹ́ détà |

Ẹni tó fẹ́ wá omi abẹ́ ilẹ̀ tàbí wúrà kò sí nínú àtẹ yìí: Applied Geophysics wà lọ́dọ̀ àwọn Geology ní OAU, ẹ lọ bá wọn.

Àwọn àlejò àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀

Gbogbo dipátímẹ́ńtì ló máa ń ka àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun fún yín. Ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé ìpolówó ni pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ rí gbà níbẹ̀?

Iṣẹ́ ńlá bíi DACCIWA ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí owó kò lè rà, pé ó jókòó ti àwọn tó mọ ẹ̀rọ dénú, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń jiyàn lórí détà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tó ń parí. Àwọn àlejò á palẹ̀ mọ́, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn á bá wọn lọ, détà nìkan ló máa kù. Bí ẹ bá dé lẹ́yìn wọn, détà yẹn ni kí ẹ béèrè. Pírójẹ́ẹ̀tì méjì mẹ́ta ṣì wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn.

Ti ICTP, ilé ìwádìí físíìsì ní Trieste, ní Ítálì, yàtọ̀. Abdus Salam, onífísíìsì ọmọ Pakistan, ló dá a sílẹ̀ ní 1964 nítorí àwọn bíi tiwa gan-an. Èèyàn ni wọ́n ń mú lọ. Ètò Diploma wọn gba nǹkan bí ọdún kan, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó bá ṣe ojú sánmà ní Ifẹ̀ lè lọ sí Earth System Physics níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣe kọ̀ǹpútà, Condensed Matter wà. Ẹni tó ṣe ìtànṣán kò fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè nínú Diploma yẹn. IAEA, àjọ átọ́míìkì àgbáyé ní Vienna, ni kó kọjú sí. Láti ọdún 2020, IAEA ní ètò kan fún àwọn obìnrin tó ń ṣe Master's nínú ìmọ̀ átọ́míìkì, tí wọ́n fi orúkọ Marie Skłodowska-Curie pè: tó €10,000 fún owó ilé ìwé àti €10,000 fún owó oúnjẹ àti ilé lọ́dún, fún ọdún méjì. Ẹ̀yin òbí tó bímọ obìnrin, tó ń sọ pé físíìsì kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, ẹ tún owó yẹn kà.

Ẹni tí kò fẹ́ rìn jìnnà náà kò sì sọnù. ARCSSTE-E, ilé ẹ̀kọ́ sánmà tó so mọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti wà nínú ọgbà OAU láti ọdún 1998. Wọ́n ń fúnni ní Postgraduate Diploma nínú àwòrán láti sátẹ́láìtì, ìbánisọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì àti ojú ọjọ́. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn débẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe olùkọ́

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Bó bá jẹ́ kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ gíríámà ni ọmọ ń wò, Education and Physics ní Faculty of Education ni kó mú. Ẹni tó gba B.Sc. Physics lásán máa padà lọ ṣe PGDE (díplómà ìkọ́ni) kí TRCN, àjọ àwọn olùkọ́, tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí olùkọ́, owó mìíràn ni, àkókò mìíràn ni.

Àwọn ará Iléṣà máa ń bi mí nípa Yunifásítì Iléṣà. Ọdún 2022 ni òfin rẹ̀ jáde, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀, ogún yẹn kò sì ṣeé fojú rénà fún ẹni tó fẹ́ dúró níwájú pátákó. Ó sún mọ́lé, oúnjẹ ìyá ò jìnnà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orí ìkànnì NUC, àjọ tó ń bójú tó yunifásítì, bóyá kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ gan-an ti gba àṣẹ. Fún ìwádìí tó ní ẹ̀rọ ńlá nínú, Ifẹ̀ ṣì ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù

Bí ẹ bá ti wà ní ọdún kẹta, ẹ má dúró kí wọ́n pín súpáfáísọ̀ fún yín. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ń kó pírójẹ́ẹ̀tì àtẹ̀yìnwá sí, ẹ ṣí èyí tí ẹni tó wù yín darí láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹ wo ibi tí détà ti wá. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ détà tí wọ́n gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ, ọ̀gá náà lè dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiyín. Ẹ wá àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, kí ẹ bi wọ́n bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó ka ohun tí wọ́n kọ fún un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sí láàbù ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọ̀gá kò sí, kí ẹ kí àwọn technologist dáadáa. Wọ́n mọ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n mọ èyí tó ti ń dúró de ẹ̀yà ara láti ọdún tó kọjá, wọ́n sì mọ ẹni tó máa ń tún un ṣe. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ tí ọ̀gá kọ sínú àbá iṣẹ́ yín kò tíì tan iná láti bí ọdún kan, ẹ padà lọ bá ọ̀gá, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè bóyá a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.